Ṣé Kí N Yọ ABS Kúrò Lára Mọ́tò Tí Mo Ń Tò fún Pápá Eré?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Honda Civic 2008 kan, tòkunbọ̀, ni mo ń tún tò nílé wa ní Ṣómólú, kí n lè máa fi sáré níbi tí wọ́n bá dí fún eré. Mo ti yọ àga ẹ̀yìn, éásì, kápẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ohun tó wúwo. Mo pààrọ̀ kálípà iwájú (ohun tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ra) sí èyí tó tóbi jù ú lọ, mo fi páàdì eré sí i, mo sì fi sípíríǹgì líle rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Táyà semi-slick (táyà eré tí ilà ojú rẹ̀ kò pọ̀) 225/45R16 ni mo wọ̀ sí iwájú, 205/55R16 tó bá a wá ló ṣì wà lẹ́yìn. Nígbà tí mo dán an wò, ẹ̀ẹ̀mejì ni pẹ́dàlì bíréèkì le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi níparí ibi tí ọ̀nà ti gùn gbọọrọ, tí mọ́tò kò sì dúró bó ṣe yẹ. Mẹkáníìkì mi ní ABS ló fà á, pé kí n yọ fíúsì rẹ̀, àti pé àwọn tó ń sáré gidi kì í lo ABS. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má dán irú rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n tẹ̀ lé?"

Àbúrò mi, mo kí ọ fún akitiyan rẹ. Ìbéèrè méjì ló wà nínú ohun tí o kọ, o kàn pa wọ́n pọ̀ ni. Ọ̀kan ni pé mọ́tò rẹ kọ̀ láti dúró lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì ni pé ṣé ó yẹ kí ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́tò há (ìyẹn kí ó má yí mọ́ nígbà tí mọ́tò ṣì ń lọ) bí a bá tẹ bíréèkì, wà lára mọ́tò eré tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Lórí èkejì, èrò mi ni pé kí o fi ABS rẹ sílẹ̀ níbi tó wà, kí o sì tún àwọn ohun tí o ti yí padà láyìíká rẹ̀ ṣe kí ó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ló jẹ mí lógún jù, nítorí pé mọ́tò tó bá kọ̀ láti dúró níparí ọ̀nà gbọọrọ lè gba ẹ̀mí ọ, ó sì lè gba ẹ̀mí ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Jọ̀wọ́, má ṣe tún fi mọ́tò yẹn sáré títí tí o ó fi mọ ohun tó mú kí pẹ́dàlì le.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ABS ń ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tó wà lórí rẹ̀ ní gáréèjì wa jẹ́ nítorí pé a kì í rí inú rẹ̀. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ mọ́tò kọ̀ọ̀kan ni sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń ka bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń yára yí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ròyìn fún brain box kan tó lẹ̀ mọ́ àpótí irin kékeré lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo páìpù bíréèkì ló sì gba inú àpótí yẹn kọjá. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní fáàfù méjì nínú rẹ̀: ọ̀kan ń jẹ́ kí ọ́ìlì bíréèkì wọlé lọ sí kálípà, èkejì ń tú u sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ẹsẹ̀ tó fẹ́ há, ABS kì í dá sí ohunkóhun. Fáàfù ìwọlé wà ní ṣíṣí, agbára tó ti ẹsẹ̀ rẹ wá sì ń lọ tààrà sí kálípà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé ń lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ ni brain box yóò pa fáàfù ìwọlé rẹ̀ dé kí agbára má baà lé sí i mọ́. Bí ìyẹn kò bá tó, yóò ṣí fáàfù ìtúsílẹ̀ kí agbára dínkù, bí ẹsẹ̀ náà bá sì tún ti ń yí dáadáa, yóò jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé padà, nígbà tí pọ́ǹpù kékeré kan ń dá èyí tó ti tú sílẹ̀ padà sí ibi tó ti wá. Èyí ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ni gbígbọ̀n rìrì tí o máa ń mọ̀ lábẹ́ pẹ́dàlì.

Ìdí tí a fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí wà lára táyà. Bí a bá ń tẹ bíréèkì, táyà máa ń di ilẹ̀ mú jù lọ nígbà tó bá ń yí díẹ̀ lọ́ra ju bí mọ́tò ṣe ń lọ, nǹkan bí ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá há pátápátá, tó wá ń fà lórí ọ̀dà, ìdìmú rẹ̀ yóò dínkù, ohun tó sì burú jù ni pé kò ní gbọ́ ti sítíárì mọ́: o lè yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì, ọ̀kánkán ni mọ́tò yóò máa lọ. Gbé e lé ìṣirò. Mọ́tò tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí táyà rẹ bá lè fi agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n mọ́tò náà dá a dúró, yóò gbà ọ́ ní nǹkan bíi mítà 39. Bí ó bá há, tó sì pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún ìdìmú rẹ̀, mítà 39 yẹn yóò di 49. Mítà mẹ́wàá sì nìyẹn, ju gígùn mọ́tò méjì lọ. Má gbàgbé pẹ̀lú pé táyà semi-slick kì í rọrùn rà. Bó bá há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ìyára, ibi kan lára rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, á máa gbọn mọ́tò jìgìjìgì títí o fi máa jù ú nù.

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì rẹ pé àwọn tó ń sáré gidi kì í lo ABS ní orísun, ṣùgbọ́n kò délẹ̀. Òótọ́ ni pé Formula One fòfin de ABS láti sáà ọdún 1994, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó ń bá awakọ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò fòfin dè é nítorí pé ó ń fa mọ́tò sẹ́yìn. Williams FW15C, tí Alain Prost fi gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1993, ní ABS lára. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọgbọ́n awakọ̀ fúnra rẹ̀ hàn. Ní ìdíje GT3 lónìí, ti àwọn mọ́tò eré tí wọ́n ṣe láti ara mọ́tò títì, tó súnmọ́ ohun tí ìwọ ń tò ju Formula One lọ, ABS wà lára wọn, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún eré, tí awakọ̀ sì lè yí bọ́tìnnì rẹ̀ láti inú mọ́tò bí ilẹ̀ bá tutù tàbí bí táyà bá ti jẹ. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ dáadáa lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dá mọ́tò dúró ní ìwọ̀n mítà kan náà bíi ti ABS lórí ọ̀dà gbígbẹ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ti rí i, mi ò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan àti pẹ́dàlì kan ló ní, táyà mẹ́rin ló sì ń ṣàkóso. Bí táyà ọ̀tún bá wà lórí iyanrìn tí tòsì wà lórí ọ̀dà, kò sí ẹsẹ̀ èèyàn tó lè dín ti ọ̀tún nìkan kù.

Ní ti pẹ́dàlì tó le, ABS nìkan kọ́ ni a lè fura sí. Ohun mìíràn wà tó lè mú pẹ́dàlì le tí mọ́tò kò sì ní dúró. Bùsítà tó ń ran ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́ ń lo ìfàmọ́ra afẹ́fẹ́ láti inú ẹ́ńjìnnì. Bí o bá ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti fi agbára kún un, tàbí tí rọ́bà tó gbé ìfàmọ́ra náà ti sán, pẹ́dàlì yóò le. Ìdánwò rẹ̀ kò gba owó: pa ẹ́ńjìnnì, tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún títí yóò fi le, fi ẹsẹ̀ rẹ sórí rẹ̀ kí o sì tan ẹ́ńjìnnì. Pẹ́dàlì gbọ́dọ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bùsítà tàbí rọ́bà rẹ̀ ni kí o lọ wò. Páàdì náà lè fà á. Àwọn páàdì eré kan kì í mú nígbà tí wọ́n bá tutù, àwọn páàdì títì sì máa ń yọ̀ bí wọ́n bá gbóná kọjá ohun tí wọ́n lè gbà. Ṣùgbọ́n páàdì tó gbóná jù kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó tún dára lójú ẹsẹ̀, ńṣe ló máa ń burú sí i bí o ṣe ń sáré lọ. Tìrẹ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, ibi kan náà ló sì ti ṣẹlẹ̀, níparí ibi gbọọrọ, níbi tí èèyàn ti máa ń já ẹsẹ̀ lu bíréèkì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fura pé brain box ló ṣìnà, àwọn tó ń sáré lókè òkun sì mọ àìsàn yìí bí ẹni mọ owó.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Brain box kò ní ojú tó fi ń wo ilẹ̀. Ó dà bí adájọ́ tó jókòó sí yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ẹlẹ́rìí mẹ́rin péré sì dúró níwájú rẹ̀: bí ọ̀kan bá yapa, adájọ́ mọ̀ pé òun ló ń ṣìnà, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan, kò sí ohun tó fi lè já wọn nírọ́. Iye tí mọ́tò ń sá, inú ìyára ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti ń ṣírò rẹ̀. Tí o bá já ẹsẹ̀ lu pẹ́dàlì, agbára bíréèkì yóò dé kí ìwọ̀n mọ́tò tó wọ́ síwájú láti tẹ táyà iwájú mọ́lẹ̀. Fún ìṣẹ́jú bíńtín yẹn, àwọn ẹsẹ̀ yóò lọ́ra lọ́nà tí brain box kò retí rí, nítorí pé fún táyà títì, páàdì títì àti ìwọ̀n Civic tó pé ni àwọn tó ṣe é ṣètò rẹ̀. Yóò gbà pé orí ilẹ̀ tó ń yọ̀ gan-an ni mọ́tò wà, bí ilẹ̀ tí yìnyín bò. Yóò pa fáàfù ìwọlé dé, yóò dín agbára kù, yóò sì máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí fáàfù ìwọlé bá sì ti dé, ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ kò ríbi lọ, ìdí nìyẹn tí pẹ́dàlì fi le gbagidi. Bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ le sí i kò yí nǹkan kan padà. Ohun tó máa ń tú u sílẹ̀ ni kí o gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ kí o tún tẹ̀ ẹ́, ohun tí ọkàn ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ ṣe nìyẹn nígbà tí kọ́ńà bá ń sáré bọ̀ wá bá a.

Wo ohun tí o ti yí padà báyìí, wàá rí i pé mẹ́ta nínú wọn ń ti brain box síhà yẹn. Páàdì eré tó máa ń mú lójijì ni àkọ́kọ́. Kálípà ńlá ni èkejì: bí písítìnnì rẹ̀ bá tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀kán ọ́ìlì kan náà tí ABS tú sílẹ̀ kò ní ní ìtumọ̀ kan náà mọ́ ní ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ̀kẹta ni táyà, òun ni mo sì fẹ́ kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Táyà 205/55R16 ga tó nǹkan bíi mìlímítà 632 láti òkè dé ilẹ̀, 225/45R16 jẹ́ nǹkan bíi 609. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí mọ́tò bá ń lọ geere tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kan bíréèkì, ẹsẹ̀ iwájú rẹ ti ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún yára yí ju tẹ̀yìn lọ. Létí brain box tí kò bá ṣàtúnṣe rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń yọ̀ kí o tó tẹ bíréèkì rárá. Wọ ìwọ̀n kan náà sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó súnmọ́ 632 yẹn bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Sípíríǹgì líle náà ní tirẹ̀. Civic tó le lẹ́yìn máa ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà ní inú kọ́ńà kúrò nílẹ̀ bí o bá ń tẹ bíréèkì tí o sì ń yà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ tó wà lófuurufú yóò há kíá, nínú ọ̀pọ̀ ABS sì rèé, èyí tó bá burú jù nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ni brain box fi ń díwọ̀n fún àwọn méjèèjì.

Yíyọ fíúsì ni mo fẹ́ kí o jìnnà sí jù lọ, kí o fara balẹ̀ ka ibí yìí. Bí a bá tẹ bíréèkì, ìwọ̀n mọ́tò máa ń wọ́ síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Ẹ̀yìn tó fúyẹ́ kò gbọdọ̀ gba agbára bíréèkì tó iwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ni yóò kọ́kọ́ há. Láyé àtijọ́, fáàfù onírin kan ló ń dín agbára ẹ̀yìn kù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, àpótí ABS ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe, EBD ni wọ́n ń pè é, Civic 2008 sì ní in. Fíúsì tí o bá yọ yóò pa ABS, yóò sì pa EBD pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná pupa bíréèkì fi máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú iná ABS aláwọ̀ ìyeyè: iná pupa yẹn ń sọ fún ọ pé ìpín iwájú àti ẹ̀yìn kò lọ́gàá mọ́. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá kọ́kọ́ há, mọ́tò yóò máa lọ ní ọ̀kánkán, ó burú, ṣùgbọ́n bí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò yóò padà bọ̀ sípò. Bí tẹ̀yìn bá kọ́kọ́ há lórí ìyára, ẹ̀yìn á fẹ́ ya iwájú sílẹ̀, mọ́tò á pòyì kí o tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. O sì ti yọ àga ẹ̀yìn àti gbogbo ohun tó ń fún ẹ̀yìn yẹn ní ìwọ̀n díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kálípà ńlá tí o fi síwájú yóò bò ọ́ láṣìírí, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìdánwò mọ̀ níbi tó ti ń sá 120. Àti pé bí mọ́tò náà yóò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé pápá, Ìkòròdú Road ni yóò gbà kọjá, láàárín dáńfó àti ọ̀kadà tó ń já wọlé láìròtẹ́lẹ̀.

Kí o tó gbà pé àpótí ABS ló ní àìsàn, wo àwọn ohun tó ń ròyìn fún un. Mo ti rí mọ́tò tí wọ́n pààrọ̀ odindi àpótí ABS rẹ̀, tí iná rẹ̀ kò sì kú, tó wá já sí pé bíàrìn iwájú kan ni wọ́n kì sódì. Nínú irú mọ́tò bíi tìrẹ, inú bíàrìn gan-an ni ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń kà wà. Ẹ̀gbẹ́ kan bíàrìn náà ní òrùka dúdú pẹlẹbẹ kan tó jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú sí sẹ́ńsọ̀. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn dáadáa, pàápàá bí gíríìsì bá ti bò ó. Bí o bá lọ ra bíàrìn ní Ládípọ̀, mú abẹ́rẹ́ tàbí píìnì dání, kí o sì fi ẹnu rẹ̀ kan òrùka yẹn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tó ní mágínẹ́ẹ̀tì yóò fà á mọ́ra, èkejì kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò bá fà á, bíàrìn tí kò ní mágínẹ́ẹ̀tì ABS ni wọ́n fẹ́ tà fún ọ, bó ti wù kí páálí rẹ̀ dára tó. Má gbé bíàrìn tó ní mágínẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì tí ẹ̀rún irin wà, nítorí pé yóò kó o mọ́ra. Mọ́tò tòkunbọ̀ tó wá láti ìhà òtútù Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, tún máa ń ní ìpáta lábẹ́ ibi tí sẹ́ńsọ̀ jókòó, ìpáta náà á sì máa tì í sókè kúrò níbi tó yẹ. Omi àgbàrá tí ó ti bo ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́lẹ̀ rí náà máa ń bá wáyà ibẹ̀ jẹ́.

Ohun tí yóò fi òótọ́ hàn ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń síkáànì mọ́tò, kì í ṣe èyí tó ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan, bí kò ṣe èyí tó lè wọ inú ABS. Ní kí wọ́n ṣí ibi tí ìyára ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń hàn, kí ẹnì kan rọra wa mọ́tò lọ ní ọ̀kánkán bí ẹni ń rìn, kí ẹlòmíràn máa wo ojú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ gòkè pọ̀, kí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ pọ̀. Èyí tó bá ń fò, tó ń di òdo kí ó tún gòkè, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Pẹ̀lú táyà tí o wọ̀ báyìí, bí ìyára bá pọ̀ sí i díẹ̀, wàá fi ojú ara rẹ rí i pé iwájú méjèèjì ga ju ẹ̀yìn méjèèjì lọ. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mítà ìdíwọ̀n iná wọn sẹ́ńsọ̀ wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń wọn ti àtijọ́. Sẹ́ńsọ̀ tuntun ní ẹ̀yà kékeré nínú tó ń gba iná kó tó ṣiṣẹ́, nọ́ńbà tí mítà bá fi hàn kò sọ nǹkan kan fún ọ.

Ọ́ìlì bíréèkì náà ṣe pàtàkì ní ìlú ọlọ́rinrin bíi Èkó. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi yẹn ló sì ń jẹ́ kí ó tètè hó. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3, bó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius, DOT 4 tuntun 230, ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá ti wọ̀ wọ́n, ìwọ̀n tí òfin béèrè já sí 140 àti 155. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ́ìlì tó ti hó máa ń jẹ́ kí pẹ́dàlì rọ̀, kí ó wọlẹ̀, tìrẹ sì le, nítorí náà ọ́ìlì kọ́ ló fa ìyẹn. Síbẹ̀, lo DOT 4 tó dára láti inú agolo tí o ṣí fúnra rẹ, máa pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́, má sì da DOT 5 onísílíkónì sínú mọ́tò tó ní ABS láéláé. Bí páìpù bá ti ṣí sílẹ̀ rí, afẹ́fẹ́ lè sá pamọ́ sínú àpótí, ẹ̀rọ síkáànì ló sì máa ń jẹ́ kí pọ́ǹpù àti fáàfù ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè fà á jáde.

Ǹjẹ́ ìgbà kankan wà tó yẹ kí èèyàn yọ ABS? Ó wà. Bí àpótí náà bá ti kú tí o kò rí òmíràn tó bá a mu, bí mọ́tò náà bá ti yí padà débi pé kò jọ Civic mọ́, tàbí bí orí ilẹ̀ pupa tó tú ni wàá ti máa sáré ṣáá, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Lórí iyanrìn tàbí yẹ̀pẹ̀ tó tú, táyà tó há máa ń kó ilẹ̀ jọ síwájú ara rẹ̀, òkìtì yẹn sì ń bá a dúró. ABS kì í jẹ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, mọ́tò á sì lọ jìnnà jù. Ṣùgbọ́n bí o bá máa yọ ọ́, yọ ọ́ tán, kí o sì fi ohun mìíràn rọ́pò ìpín agbára rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Nínú mọ́tò tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà bíi Civic, bí àgbélébùú ni wọ́n ṣe pín bíréèkì: iwájú ọ̀tún pẹ̀lú ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì pẹ̀lú ẹ̀yìn ọ̀tún, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀nà kan bá jò, ẹsẹ̀ iwájú kan yóò ṣì máa ṣiṣẹ́. Fáàfù ìpín kan ṣoṣo tí wọ́n ń tà fún mọ́tò eré kò lè sin ẹ̀yìn méjèèjì láìjẹ́ pé o da ọ̀nà méjèèjì pọ̀, bí o bá sì dà wọ́n pọ̀, ìjò kan ṣoṣo ló máa kó gbogbo bíréèkì lọ. Yálà kí o lo fáàfù méjì tó dọ́gba, tàbí kí o tún páìpù pín sí iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kí o sì gbà pé bí iwájú bá jò, bíréèkì ẹ̀yìn mọ́tò tó fúyẹ́ lẹ́yìn nìkan ló kù fún ọ. Ẹnu páìpù tuntun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi irinṣẹ́ tó yẹ lù. Gbogbo ìwọ̀n tí ìwọ yóò sì tipa bẹ́ẹ̀ dínkù lára mọ́tò kò ju kílò mélòó kan lọ. Ní tèmi, kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ọ̀nà kẹta tún wà, pé kí o gbé ABS eré gidi wọ̀ ọ́. Bosch ń ta irú rẹ̀, M5 ni orúkọ ọ̀kan, o sì lè ṣètò rẹ̀ sí táyà àti ìwọ̀n mọ́tò rẹ. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni, bóyá ó ju iye tí o ra Civic náà lọ. Bí owó bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, màá ní kí o kọ́kọ́ ra táyà mẹ́rin tó dọ́gba, àga tó dára, bẹ́líìtì àti irin ààbò orí.

Nítorí náà, tún un ṣe báyìí. Dán bùsítà wò lónìí, ilé ni wàá ti ṣe é. Wọ táyà ìwọ̀n kan náà yíká, ka ìyára ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pààrọ̀ ọ́ìlì kí wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, lọ síbi tí wọ́n ti dí, tí kò sí èèyàn tàbí ògiri nítòsí, kí o bẹ̀rẹ̀ láti 40, kí o tó lọ sí 60 àti 80. Má já ẹsẹ̀ lu pẹ́dàlì mọ́. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí imú mọ́tò kọ́kọ́ wọlẹ̀, kí o tó wá gbé gbogbo agbára lé e. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdámẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ìyẹn nìkan máa ń wo àìsàn náà sàn. Bí o bá rí àyè ṣe é lẹ́yìn òjò, ṣe é, nítorí pé ojú ọ̀dà tó tutù, tí iyanrìn sì wà lórí rẹ̀, ni ABS ti wúlò fún ọ jù, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje ni irú rẹ̀ sì máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí pẹ́dàlì bá ṣì ń le lẹ́yìn gbogbo èyí, pààrọ̀ páàdì sí èyí tí kì í mú lójijì, kí o sì fi sípíríǹgì tó rọ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, kí o tó ronú kan àpótí ABS. Èmi kò fojú rí mọ́tò náà, ohun tí o kọ nìkan ni mo fi dáhùn. Fi nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ̀rọ síkáànì bá fi hàn ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ páàdì náà àti ìwọ̀n písítìnnì kálípà tuntun yẹn, kí a lè mọ èyí tó kàn.